Ẹ jẹ́ kí àáké ṣáájú ìkíni

Ọ̀pọ̀ fídíò táwọn ènìyàn ń gbé wá fún mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, pé kí n bá wọn tún ṣe, ibì kan náà ni wọ́n ti ń bàjẹ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á dúró, á tún fìlà dé, á ní: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi…" Kó tó dórí ohun tó fẹ́ fi hàn, ẹni tó ń wò ó ti fi ìka gbá a sókè, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá agbẹ́gilére kan ránṣẹ́ pè mí. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń gbẹ́, ó sì fẹ́ káwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun rí i rà. Nínú fídíò tí ọmọ rẹ̀ ti yà, ìkíni nìkan gba ìṣẹ́jú-àáyá 50. YouTube máa ń ya ìlà kan fún ẹni tó gbé fídíò síbẹ̀, tó ń fi ibi táwọn òǹwòran ti kúrò hàn. Mo fi tirẹ̀ hàn án: inú ìkíni yẹn ni ìlà náà ti já wálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àáké ṣáájú."

Ó wò mí. "Ṣé kí n wọlé onílé kí n má kí i?"

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO fi sínú àkójọ ohun àjogúnbá aráyé ní 2008, ìbà náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, alẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èrò ti pé sójà, wọ́n ti wá ibi jókòó sí. Ẹni tó ń wo TikTok kò tíì jókòó. Bí ẹni tó wà lórí zémìjàn, ọ̀kadà akérò, ló rí, ó ń kọjá lọ. Àfi kí nǹkan ta sí i létí kó tó ní kí wọ́n dúró.

Mo wá gbé fóònù sún mọ́ igi náà títí ó fi kún ojú rẹ̀. Àáké balẹ̀: kọ́! Èèpo igi fò. Ó tún balẹ̀, imú ère yọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 4 péré. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó rí ojú Bàbá, ó ń kí àwọn ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ohùn ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù. Àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ènìyàn á fara dà á. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ yé, kò ní dúró tì í. Fóònù tó bá jìnnà sẹ́nu, ariwo zémìjàn àti jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọ́. Ẹ yá fóònù kejì lọ́wọ́ ará ilé, ẹ jẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ fi sápò àyà. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, torí ìsàlẹ̀ ni ihò tó ń gbọ́ ohùn sábà máa ń wà. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójú fóònù tó ń yàwòrán. Tí ẹ bá ń to fídíò pọ̀, ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ gbé ìró àtẹ́wọ́ náà sí. Ìyókù á bá ẹnu yín mu. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Ti ìmọ́lẹ̀ kò le: ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Tí ìlà dúdú bá ń sáré kọjá nínú àwòrán tí ẹ yà lábẹ́ gílóòbù, ìgbà 50 ni iná mànàmáná ilẹ̀ wa níbí ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (50 Hz), fóònù sì sábà máa ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò bá a dọ́gba. Ẹ yí i sí 25. Ẹ má sì jẹ́ kí 4K, ìyẹn fídíò tó mọ́ kedere gan-an, jẹ dátà yín: lórí iPhone, ìṣẹ́jú kan rẹ̀ ń gba nǹkan bíi 170 MB, nígbà tí 1080p, tí kò mọ́ tó o, ń gba bíi 60.

Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sójú fídíò, ẹ fi àmì ohùn sí i. "Ọkọ mi dé" kọ́ ni "ọkọ̀ mi dé." Ẹ má kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bọ́tìnnì TikTok á bò ó.

Nígbà tí ọ̀dà ara ère náà gbẹ, Bàbá gbé e jáde sínú oòrùn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Mo pa fóònù. Ó ní òun kò tíì dágbére. Mo ní ká fi ìdágbére sí fídíò kejì, níbi tí yóò ti máa kun ère mìíràn lọ́dà.