Ta Ló Kú ní Dantokpa?

Láàárín oṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́rin ló ti fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi fojú kàn án, fóònù ti túmọ̀ ẹ̀ tán." Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, mo ti mọ̀ pé wọn ò fẹ́ sanwó. Mo sì ti mọ̀ pé màá pa gbogbo ohun tí fóònù kọ rẹ́, màá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ láàárín Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, láti Èkó dé Kùtọnu. Èmi ò bá ẹ̀rọ ìtumọ̀ jà o. Èmi náà máa ń lò ó bí mo bá ń wá orúkọ irin kékeré kan tó wà nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí fóònù kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ pe ọmọ yín. Ohun tí ẹ ń tẹ̀ sínú rẹ̀ ló ń bí mi nínú.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣojú mi. Oníbàárà mi kan tó ń ta àǹkárá l'Èkó ní kí n sin òun lọ sí ọjà Dantokpa ní Kùtọnu. Ìgbà tí a débẹ̀, ó ní kí n lọ jókòó sídìí obìnrin tó ń ta àkàsà, pé fóònù ti tó òun. Mo jókòó. Mo jẹ àkàsà. Ó dúnàádúrà títí, ó san lára owó, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbé ìyókù bọ̀. Ó wá fẹ́ fi màmá tó ń tajà lọ́kàn balẹ̀, ló bá tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù: "o ku die ki owo pe." Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Fóònù fi Faransé ké jáde pé ẹnì kan ti kú kí owó tó pé.

Màmá gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kalẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn wọra, wọ́n ní: "Du courage, monsieur," ìyẹn ni pé kó mọ́kàn le. Ọ̀rẹ́ wa rò pé wọ́n ti gbà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na àtàńpàkò sókè. Ìwò tí màmá yẹn wò ó, ìwò tí wọ́n ń wo ọmọ tó ń jó níbi tí wọ́n gbé ń sin bàbá rẹ̀ ni.

Mo dìde níbi àkàsà. Mo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó kú o." Wọ́n yíjú sí mi: "Hẹ̀n-ẹ́n, ṣé Nàgó ni yín ni?" Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ọmọ Sàkété ni wọ́n. Odidi ogójì ìṣẹ́jú lọkùnrin yìí ti fi ń tẹ fóònù níwájú ẹni tó gbọ́ Yorùbá jù ú lọ! Sàkété, Pobè, Kétu, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo lórí máàpù, Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ jàn-ánrẹrẹ. Kí ẹ tó yọ fóònù, ẹ kọ́kọ́ kí èèyàn ná.

Nínú mọ́tò tí a ń bọ̀ nílé, mo ṣe ìṣirò fún un. "Ku" lè jẹ́ kù, ó sì lè jẹ́ kú: méjì. "Owo" tí kò ní àmì lè jẹ́ owó tí a ń ná, òwò tí a ń ṣe, ọwọ́ tí a fi ń jẹun, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, tàbí ọ̀wọ̀ tí a ń fún àgbà: márùn-ún, mi ò tíì ka ìlú Ọ̀wọ̀ mọ́ ọn. "Pe" lè jẹ́ pé, pè, tàbí pẹ́: mẹ́ta. Méjì lọ́nà márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, 30 ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní láárí, àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun sùn.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, mo ti ń wí i títí ẹnu fẹ́ bó. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google tó wà fún fóònù. Ọdún 2006 ni Google gbé ẹ̀rọ ìtumọ̀ tiẹ̀ jáde, ìparí 2013 ni Yorùbá tó wọ inú rẹ̀. Ohun tí èèyàn ti túmọ̀ sílẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kà láti fi kọ́ èdè. Ti Faransé pọ̀ bí iyanrìn. Tiwa, Bíbélì àti ìwé ìsìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi máa ń sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn bíi wòlíì orí òkè. Ìyókù ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi àmì sí i. Àmọ́ bí ẹ bá fi àmì sí i tán, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ṣì lè di òkú ọjọ́ mẹ́ta. Ìkíni le fún ẹ̀rọ, ẹ má fi dán an wò.

Àwọn kan á ní àwọn máa ń yí Faransé tí ẹ̀rọ kọ padà sí Yorùbá, bó bá ti bá ohun tí àwọn kọ mu, ó tọ̀nà. Ìgbàgbọ́ asán! Olè lẹ ní kó wá jẹ́rìí ara rẹ̀. Awakọ̀ kan tilẹ̀ rò pé "petrol" ò nílò ìtumọ̀ rárá. Ó dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ní òun fẹ́ pétrole, kẹrosíìnì ni wọ́n gbé fún un. Essence ni wọ́n ń pe epo mọ́tò níbẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ agboòrùn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ògbufọ̀ ńkọ́? Wọ́n á da ìwé yín sínú ẹ̀rọ, wọ́n á lu òǹtẹ̀ pupa lé e. Mo rí ìwé-ẹ̀rí ìbí kan tí wọ́n ṣe. Ayọ̀ lorúkọ ọmọ, wọ́n kọ ọ́ ní Joie. Ọmọ ọlọ́mọ!

Ìyẹn ṣì ṣeé rẹ́rìn-ín sí. Ní oṣù kẹwàá 2017, ọkùnrin ará Palẹstáìnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé fi àwòrán ara rẹ̀ sórí Facebook, ó fara ti katakata, ó fi èdè Lárúbáwá kí àwọn ènìyàn káàárọ̀. Ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Hébérù pé kí wọ́n kọ lu àwọn kan. Àwọn ọlọ́pàá Ísírẹ́lì gbé e, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Facebook tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ lo ẹ̀rọ. Gbólóhùn kúkúrú, láìsí òwe, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìṣirò han iye owó. Bó bá di ilé ìwòsàn, àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí, ẹ wá èèyàn. Ẹ̀rọ kì í sábà béèrè pé "èwo lẹ ní lọ́kàn?" Èmi máa ń béèrè, ohun tí mo ṣe ń gbowó nìyẹn.

Wọ́n ti já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan ní Kùtọnu rí. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù pé "wọ́n já báàgì mi gbà", fóònù sì sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn ọkùnrin kan ló ṣe é. Ọlọ́pàá ní mélòó ni wọ́n? Ó na ìka kan. Ọlọ́pàá ní irọ́ ló ń pa. Ìgbà tí mo débẹ̀, ojú obìnrin náà ti wú fún ẹkún. Ìdajì wákàtí ni mo fi ṣàlàyé "wọ́n" fún ọ̀gá yẹn: pé ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a ò mọ̀ rárá, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Nígbà tí mo parí, ó ya bébà kan fún mi, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Mo kọ ọ́, mo sì fi àmì sí i.