Kí ló fà á tí páwà báńkì 20,000mAh kò fi tó ṣáájì fóònù 5,000mAh lẹ́ẹ̀mẹ́rin? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ ra páwà báńkì, ì báà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń ṣe ìṣirò kan lọ́kàn kó tó sanwó: 20,000 ni wọ́n kọ sára páwà báńkì, 5,000 ni wọ́n kọ sára bátìrì fóònù òun, nítorí náà òun á ṣáájì fóònù òun lẹ́ẹ̀mẹ́rin gbáko kí NẸ́PÀ tó mú iná dé. Nígbà tó bá wá lò ó, tí fóònù kún lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò tíì dé òpin tí gbogbo iná ojú páwà báńkì fi kú, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Nígbà mìíràn, òótọ́ ló sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ìbéèrè: Bí a bá pín 20,000 sí ọ̀nà 5,000, mẹ́rin ni yóò fún wa. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

Ìdáhùn: Àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò náà ni pé a ń pín nọ́ńbà méjèèjì bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n ń wọ̀n. Ohun tí mAh ń sọ ni iye iná tí bátìrì lè tú jáde àti bí yóò ṣe pẹ́ tó: bátìrì 5,000mAh lè fún wa ní áńpù kan (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn ni áńpù) fún wákàtí márùn-ún, tàbí áńpù márùn-ún fún wákàtí kan. Kò sọ bí agbára tó ń ti iná náà jáde ṣe pọ̀ tó, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní fóltì. Bí a bá gbé táńkì omi méjì tó tóbi bákan náà kalẹ̀, ọ̀kan lórí òpó gíga, èkejì ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, iye omi inú wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí omi náà lè ṣe nígbà tí a bá ṣí ẹ̀rọ kò dọ́gba. Iye omi ni mAh, gíga òpó sì ni fóltì. Ohun tó pa méjèèjì pọ̀, tó sì jẹ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́ gan-an, ni wáàtì-wákàtí, tí wọ́n máa ń kọ báyìí pé Wh.

Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó wà nínú páwà báńkì ń ṣiṣẹ́ ní fóltì 3.7. Bí a bá fi ẹgbẹ̀rún kan pín 20,000mAh kó lè di 20 áńpù-wákàtí, tí a sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 3.7, yóò fún wa ní 74Wh. Ṣùgbọ́n ojú ihò tí a ń ki okùn bọ̀ kì í tú fóltì 3.7 jáde, fóltì 5 ni ó kéré jù tí yóò tú jáde, nítorí pé orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ètò USB kà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń gbé 3.7 dé 5. Bí fóltì bá sì ti lọ sókè, mAh gbọ́dọ̀ wálẹ̀: 74Wh kan náà, ní fóltì 5, 14,800mAh péré ni. Ẹ rí i pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé díẹ̀ ti pòórá lójú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i.

Lẹ́yìn èyí ni òfò gidi wá bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù náà ń ṣe ń mú ooru wá, ooru náà sì ni iná tó ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí páwà báńkì fi máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀dù tó dára lè jẹ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò dára á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá sì dé inú fóònù, fóònù tún ní láti já fóltì 5 náà wálẹ̀ sí ìwọ̀n tí bátìrì tirẹ̀ ń fẹ́, okùn á jẹ díẹ̀, ooru fóònù náà á jẹ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dé òpin. Nínú 74Wh, bí bọ́ọ̀dù bá jẹ ìdá 15, ó ku nǹkan bí 63Wh. Bí okùn àti fóònù bá jẹ ìdá 10 nínú ìyẹn, ó ku nǹkan bí 57Wh. Bátìrì fóònù 5,000mAh tó ń ṣiṣẹ́ ní fóltì 3.85 ń gba 19.25Wh kó tó kún. Bí a bá wá pín 57 sí ọ̀nà 19.25, kò pé mẹ́ta. Ẹni tó bá tún ń wo fídíò lórí fóònù náà nígbà tó ń gba iná lọ́wọ́, kí ó má retí ẹlẹ́ẹ̀kẹta rárá.

Ìbéèrè: Ṣé irọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń pa nígbà náà?

Ìdáhùn: Kì í ṣe irọ́. Bátìrì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 20,000mAh lóòótọ́, ní fóltì tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fóònù náà sì ń fi mAh polówó, nítorí náà ó ti mọ́ gbogbo ayé lára. Síbẹ̀, lójú tèmi, ẹni tó kọ 20,000 gàdàgbà sí iwájú páálí, tó wá kọ 74Wh sí ẹ̀yìn pẹ̀lú lẹ́tà tí àgbàlagbà kò lè kà láìlo awò ojú, mọ ohun tó ń ṣe. 20,000 máa ń dún létí ju 74 lọ.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n ti wá nọ́ńbà tó wúlò?

Ìdáhùn: Ẹ yí i padà, kí ẹ gbé ẹ̀yìn tàbí ìdí rẹ̀ sí abẹ́ iná. Lára èyí tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ ó rí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n tẹ̀ kéékèèké. Ọ̀kan yóò sọ pé 20000mAh, 3.7V, 74Wh, bátìrì inú rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá kọ Input sí jẹ́ iná tó ń wọlé, Output sì ni iná tó ń jáde. Ìlà tó ṣe pàtàkì jù lọ, tí kò sì sí ẹni tó ń kà á, ni èyí tí wọ́n kọ Rated Capacity sí, tí nọ́ńbà bíi 12000mAh, 5V/2A wà níwájú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé lẹ́yìn tí fóltì bá ti gòkè dé 5, tí òfò inú bọ́ọ̀dù sì ti kúrò, 12,000mAh ni yóò dé ojú ihò. Èyí ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́ láàárín páwà báńkì méjì. Bí méjèèjì bá jẹ́ 20,000mAh, tí ọ̀kan sọ 13,000, tí èkejì sọ 11,000, bọ́ọ̀dù ti àkọ́kọ́ ló dára jù, owó rẹ̀ ì báà fi díẹ̀ ga.

Bí kò bá sí Wh lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ sọ mAh di púpọ̀ ní ọ̀nà 3.7, kí ẹ fi ẹgbẹ̀rún kan pín in. Bí kò bá sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ rárá ju orúkọ àti àmì aláràbarà lọ, èmi kò ní rà á.

Ìbéèrè: Mo rí 50,000mAh tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí owó rẹ̀ sì kéré sí ti 20,000. Ṣé ọjà ọ̀pọ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀pọ̀ páwà báńkì ló ń lo bátìrì rógódó tí wọ́n ń pè ní 18650, orúkọ tó wá láti inú ìwọ̀n rẹ̀: mìlímítà 18 ní ìbú, mìlímítà 65 ní gígùn. Ẹyọ kan wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50, èyí tó sì lágbára jù nínú àwọn tó wọ́pọ̀ kì í ju 3,500mAh lọ. Kí 50,000 tó pé, a nílò bátìrì bẹ́ẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn kò sì ní fúyẹ́ ju gíráàmù 650 lọ kí a tó ka páálí àti bọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Kò sí àtẹ́lẹwọ́ tó gba ìyẹn. Bátìrì pẹlẹbẹ tí àwọn mìíràn ń lò kò sì fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ ju èyí lọ.

Nítorí náà, ìwọ̀n ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Ojúlówó 10,000mAh máa ń wọ̀n tó gíráàmù 180 sí 250, 20,000mAh sì máa ń wọ̀n tó 350 sí 450. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹni tó ń ta ẹja yìnyín ní àdúgbò ní ọ̀kan; yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò bá yín wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fúyẹ́ jù, ayédèrú ni. Èyí tó wúwo tó bó ṣe yẹ ṣì nílò ìwádìí, nítorí pé wọ́n ti tú àwọn kan rí tí wọ́n bá yanrìn nínú wọn, tàbí bátìrì àlòkù tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà àgbélétan tó ti kú.

Ohun tó lè parí àríyànjiyàn ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ àárín páwà báńkì àti okùn, tó ń ka fóltì, áńpù, mAh àti Wh jáde. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe sábà máa ń ní i. Ẹ ṣáájì páwà báńkì náà kún, kí ẹ lò ó títí yóò fi kú, kí ẹ wá ka Wh tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Bí 74Wh bá fún yín ní 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò ní ẹjọ́ kankan bá ẹni tó tà á. Bó bá fún yín ní 20, ẹ mú rìsíìtì yín padà lọ. FCCPA, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí oníṣòwò fi àpèjúwe ẹ̀tàn ta ọjà ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC sì ń gba ẹ̀sùn oníbàárà. Ṣùgbọ́n láìsí rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ìbéèrè: Ṣé èyí tí wọ́n kọ 22.5W tàbí 65W sí máa ń pẹ́ ju èyí tó jẹ́ 10W lọ?

Ìdáhùn: Rárá. W ń sọ bí iná ṣe ń yára jáde tó, kì í ṣe iye tó wà nínú rẹ̀. Fóònù tí kò lè gbà ju 18W lọ kò ní rí àǹfààní kankan nínú 65W, àfi bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àgbélétan tí ẹ fẹ́ fi ṣáájì.

Ìbéèrè: Èyí tó ní páńẹ́ẹ̀lì sólà lẹ́yìn ńkọ́? Oòrùn kò ṣáà wọ́n wa níbí.

Ìdáhùn: Oòrùn kò wọ́n wa, páńẹ́ẹ̀lì ló kéré. Páńẹ́ẹ̀lì tí kò tóbi ju ẹ̀yìn fóònù lọ kò lè mú ju wáàtì kan sí wáàtì kan àbọ̀ jáde, kódà nígbà tí oòrùn bá ń ranjú mọ́ ọn. Bí a bá fún un ní wákàtí márùn-ún oòrùn gidi lójúmọ́, tí a sì gbà pé kò sí òfò kankan, 7.5Wh ni. Kí 74Wh tó kún, ó di ọjọ́ kẹwàá. Ní àkókò òjò, ẹ máa kà á lọ. Èyí tó tún burú ni pé oòrùn tí ẹ gbé e sí yìí ni ọ̀tá bátìrì líthíọ́ọ̀mù: ooru ló ń mú kó tètè gbó. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi páwà báńkì sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ ó sì wá sá èyí bí ẹni ń sá àgbàdo! Páńẹ́ẹ̀lì tó ṣeé nà sílẹ̀, tó jẹ́ 20W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi okùn so mọ́ páwà báńkì tó wà lábẹ́ òjìji, ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ náà. Ti ẹ̀yìn yẹn, ọ̀ṣọ́ ni mo kà á sí.

Ìbéèrè: Tèmi ń ṣe dáadáa lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ti wá ń tètè kú. Ṣé bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ pé bátìrì ló ń dàgbà. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣáájì rẹ̀ kún, tí a sì lò ó tán ní nǹkan bí ìgbà 300 sí 500, bátìrì líthíọ́ọ̀mù sábà máa ń kù sí nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ ní tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì, kì í ṣe ní kíkún. Bó bá ti wú, ẹ má ṣe ṣáájì rẹ̀ mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sínú iná.

Ìbéèrè: Mò ń rìnrìn àjò. Èwo ni wọ́n á gbà kí n gbé wọ ọkọ̀ òfurufú?

Ìdáhùn: Níbí, kò sí ẹni tó ń béèrè mAh, Wh ni òfin wọn ń kà. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ, ẹ lè gbé e dání láìgba àṣẹ. Nǹkan bí 27,000mAh nìyẹn ní fóltì 3.7. Láti 100 sí 160Wh, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Èyí tó bá ju 160 lọ kò lè wọlé. Báàgì ọwọ́ sì ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe nínú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí pé bí ó bá gbiná níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tètè rí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, iná sọ nínú ọkọ̀ Air Busan kan ní pápákọ̀ òfurufú Gimhae ní South Korea kó tó gbéra, ìwádìí ìjọba ibẹ̀ sì tọ́ka sí páwà báńkì gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń le sí i. Ṣáínà kò gba èyí tí kò ní àmì 3C, àmì ẹ̀rí ààbò ọjà ti Ṣáínà, lára nínú ọkọ̀ abẹ́lé wọn mọ́ láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Emirates, tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń bá lọ sí Dubai, gba ẹyọ kan ṣoṣo fún èrò kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó nínú ọkọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn tiyín kí ẹ tó dé pápákọ̀: bí Wh tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ bá ti parẹ́, òṣìṣẹ́ aláàbò kò ní ohun tí yóò kà, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ yín.