Ìdámẹ́rin ínṣì tó ń darí kúìlìtì

Bí èèyàn bá gé ègé aṣọ onígun mẹ́rin méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 3 lóròó àti níbùú, tó rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó wá fi rúlà wọn ohun tó rán, kò ní bá ínṣì 6 níbẹ̀. Ínṣì 5½ ló máa bá. Ojú rírán ti gbé ìdajì ínṣì mì: ìdámẹ́rin lára ègé kìíní, ìdámẹ́rin lára èkejì. Àwọn tó ń rán kúìlìtì ní Amẹ́ríkà lè jókòó ti ìṣirò fún wákàtí gbáko, kí wọ́n máa jiyàn lórí rúlà tó dáa jù, àmọ́ tí a bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ìdámẹ́rin ínṣì tó pòórá yìí náà ni wọ́n ń lé kiri.

Aṣọ ìbora alápá mẹ́ta ni kúìlìtì. Òkè rẹ̀ ni wọ́n fi ègé aṣọ kéékèèké rán pọ̀, òwú pẹlẹbẹ wà láàárín, aṣọ mìíràn wà lẹ́yìn, wọn á sì fi òwú gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra kí ó má baà yẹ̀. Ara òkè ni iṣẹ́ ìṣirò pọ̀ sí. Télọ̀ tó ń rán bùbá máa ń fi àláwáǹsì ìdajì ínṣì tàbí ínṣì kan sílẹ̀, torí ẹni tó ni aṣọ lè sanra lọ́dún tó ń bọ̀. Kúìlìtì kì í sanra. Ojú rírán tó wà lára rẹ̀ ló pọ̀ lọ súà, tí àláwáǹsì bá sì gbòòrò, ẹ̀yìn aṣọ á ki, abẹ́rẹ́ ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Ìdámẹ́rin ínṣì ni gbogbo wọn wá fẹnu kò sí: kò fẹ̀ débi tí á fi ki, kò sì tín-ín-rín débi tí òwú á fi tú.

Nítorí èyí, ègé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n méjì. Ìwọ̀n àṣeparí ni èyí tí ojú máa rí nígbà tí kúìlìtì bá parí. Ìwọ̀n gígé ni ti orí tábìlì, kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Fún onígun mẹ́rin, ìrọ̀rùn ni: fi ìdajì ínṣì kún ìwọ̀n àṣeparí. Ẹni tó bá fẹ́ 3 yóò gé 3½. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rúlà kúìlìtì fi jẹ́ 6½ tàbí 12½, ohun tó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ rà á lẹ́nu. Wọ́n ti ka àláwáǹsì mọ́ ọn.

Ibi onígun mẹ́ta ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Pátáànù á sọ pé kí a fi 7/8 ínṣì kún ti ibí, kí a fi 1¼ kún ti ọ̀hún, ọ̀pọ̀ ló sì há a sórí láìmọ ibi tó ti wá. Kò sì le rárá. Ká mú onígun mẹ́ta tí a rí nígbà tí a gé onígun mẹ́rin sí méjì, láti igun kan sí igun òdìkejì. Igun rẹ̀ kan jẹ́ 90 dígírì, méjì yòókù mú ṣóńṣó ní 45. Tí a bá fi pẹ́ńsù fa ìlà sínú rẹ̀ ní ìdámẹ́rin ínṣì sí etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, onígun mẹ́ta kékeré kan á yọ nínú ńlá. Èyí tó kéré yẹn ni ojú máa rí tí rírán bá parí. Ní igun 90 dígírì, ìdámẹ́rin ínṣì péré ló bọ́ kúrò lórí etí. Àmọ́ ní igun ṣóńṣó, ìlà méjèèjì ti pàdé ara wọn kí wọ́n tó dé orí igun. Tí a bá wọ̀n ọ́n lórí etí, ohun tó ṣòfò níbẹ̀ tó nǹkan bíi 0.60 ínṣì.

Gbogbo àfikún tó wà nínú ìwé pátáànù ti yọ jáde báyìí. Etí onígun mẹ́rin wà láàárín igun 90 méjì, nítorí náà ìdámẹ́rin àti ìdámẹ́rin jẹ́ ½. Etí kúkúrú onígun mẹ́ta wà láàárín igun 90 kan àti igun ṣóńṣó kan: 0.25 àti 0.60 jẹ́ 0.85, wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀ sí 7/8 torí pé kò sí 0.85 lórí rúlà. Etí gígùn tó dábùú wà láàárín igun ṣóńṣó méjì: 0.60 àti 0.60 jẹ́ 1.20 ó lé díẹ̀, ni wọ́n bá pè é ní 1¼. Àwọn tó ń lo sẹ̀ǹtímítà ní Jámánì àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn sábà máa ń fi 0.75 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ fún rírán, àfikún tiwọn sì ń jẹ́ nǹkan bíi 1.5, 2.5 àti 3.5.

Kí ló dé tí a kò kàn fi 7/8 ṣe gbogbo onígun mẹ́ta? Nítorí bí aṣọ ṣe ń fà ni. Aṣọ kì í fà púpọ̀ lóròó tàbí níbùú, àmọ́ tí a bá fà á lórí báyáàsì, ìyẹn ní ìdábùú, ó máa ń fà bíi rọ́bà. Tí etí báyáàsì bá wà níta búlọ́ọ̀kù, ìyẹn odidi onígun mẹ́rin tí wọ́n fi àwọn ègé rán jọ, kò ní pẹ́ tí búlọ́ọ̀kù náà á fi wọ́. Nítorí náà, onígun mẹ́ta tí etí kúkúrú rẹ̀ máa wà níta, inú onígun mẹ́rin tí a gé sí méjì ni wọ́n ti ń mú un. Èyí tí etí gígùn rẹ̀ máa wà níta, inú onígun mẹ́rin tí a gé sí mẹ́rin ni. Bí àpẹẹrẹ, tí etí gígùn yẹn bá máa jẹ́ ínṣì 6 nígbà tó bá parí, onígun mẹ́rin 7¼ ni wọ́n máa gé ní ìdábùú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣirò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yọ àwọn ìyá àgbà lẹ́nu nígbà kan rí. Páálí ni wọ́n máa ń gé sí ojú ègé tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fi pẹ́ńsù tọ́ etí rẹ̀ lórí aṣọ, wọ́n á sì fi àlùmọ́gàjí gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gé páálí ti bá gbogbo èèyàn ṣírò rẹ̀ tán. Ní ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ Olfa ní Japan gbé ọ̀bẹ alábẹ róbótó jáde, èyí tó ń yí lórí aṣọ, tó sì lè gé ìpele aṣọ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń rán kúìlìtì gbà á lọ́wọ́ wọn kíá. Ọ̀bẹ yẹn nílò rúlà tó nípọn tó sì mọ́ gaara kí ojú lè rí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì nílò rọ́bà ìgéṣọ tí kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ ba tábìlì jẹ́. Iyara dé, ṣùgbọ́n ẹrù ìṣirò kúrò lọ́rùn páálí, ó bọ́ sọ́rùn aránṣọ.

Rúlà tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ ínṣì 6 níbùú, 24 lóròó. Ìdí wà fún 24 náà: aṣọ kúìlìtì máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 44, tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì ó di 22, rúlà á sì kó gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí. Ìlà 45 àti 60 dígírì wà lára rẹ̀ fún onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́fà. Àríyànjiyàn lórí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe rúlà kì í tán, àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ ni pé kí èèyàn má pààrọ̀ rúlà láàárín iṣẹ́ kan, torí ìlà ti òmíràn nípọn ju ti èkejì lọ. Bí ẹnì kan bá sì ń gbé ìlà lé orí etí aṣọ lónìí, tó ń gbé e sẹ́yìn etí náà lọ́la, ègé rẹ̀ kò ní dọ́gba láé.

Ọ̀pọ̀ ni kì í tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ 7/8 sétí. Wọ́n á fi odidi ínṣì kan kún ìwọ̀n àṣeparí, wọ́n á gbé onígun mẹ́rin méjì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé ara wọn, wọ́n á fa ìlà ní ìdábùú, wọ́n á rán an ní ìdámẹ́rin ínṣì lọ́tùn-ún àti lósì ìlà náà, wọ́n á wá gé orí ìlà. Búlọ́ọ̀kù méjì aláwọ̀ méjì jáde nìyẹn. Ó tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà wọ́n á gbé ìlà 45 dígírì ti rúlà lé ojú rírán gan-an, wọ́n á sì gé etí rẹ̀ dọ́gba. Aṣọ díẹ̀ á ṣòfò, àmọ́ ìgbádùn ni fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dúró.

Ní ìdí ẹ̀rọ, ìdámẹ́rin ínṣì gangan tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rírán sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po máa ń jẹ fọ́nrán òwú kan tàbí méjì. Nítorí náà wọ́n máa ń rán an kó dín díẹ̀. Láti dán an wò, wọ́n á gé ọ̀já mẹ́ta tí ìbú wọn jẹ́ 1½, wọ́n á rán wọn pọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́: àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 3½, ọ̀já àárín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì kan géérégé. Ẹni tó bá fojú di èyí, kó wo ohun tí àṣìṣe kékeré ń ṣe. Bí ojú rírán bá fi 1/16 ínṣì péré fẹ̀ jù, 1/8 ló máa jẹ lára ègé méjèèjì. Ìlà tó ní ègé 12 ní ojú rírán 11, gbogbo rẹ̀ á sì ti kúrú ní ínṣì kan ó lé 3/8.

Ibẹ̀ ni ojú àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ lọ tí ẹnì kan bá na kúìlìtì rẹ̀ sókè nínú ìpàdé ẹgbẹ́: ṣé ṣóńṣó ìràwọ̀ tí wọ́n fi onígun mẹ́ta ṣe pé, àbí ojú rírán ti gé orí rẹ̀? Bí onígun mẹ́ta méjì bá pàdé, òwú tí wọ́n fi rán wọn máa ń ya ara wọn kọjá lẹ́yìn aṣọ bíi lẹ́tà X. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gba àárín X yẹn kọjá. Tó bá bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ara aṣọ wà, orí ṣóńṣó ti lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìdílé kúìlìtì ló gba rúlà gbọ́. Ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ ẹrú fi ṣòkòtò iṣẹ́ àti àjákù aṣọ rán kúìlìtì tí wọ́n gbé lọ sí ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Whitney ní New York ní ọdún 2002, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà sì fi ṣe sítáǹpù ní 2006. Àwòṣe kan tí wọ́n fẹ́ràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ọ̀já á sì máa yí i po. Ohun tí wọ́n ti rán ló ń sọ bí ọ̀já tó kàn ṣe máa gùn tó. Etí rẹ̀ lè wọ́, ìlà rẹ̀ lè tẹ̀, ẹwà rẹ̀ sì wà nínú ìyẹn gan-an. Ẹni tó bá rò pé ìṣirò nìkan ló ń mú kúìlìtì dára, kó lọ wo iṣẹ́ wọn.

Fún ẹni tó fẹ́ kí etí tirẹ̀ tọ́, ibi ìgbátí, ìyẹn ọ̀já tí wọ́n ń rán yí etí òkè kúìlìtì ká, gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Etí òkè kúìlìtì ti fà díẹ̀ nítorí ọwọ́ tó ti gbà á kọjá, nítorí náà àárín ni wọ́n máa ń wọ̀n, ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n tó gé ọ̀já ìgbátí. Bí búlọ́ọ̀kù bá dúró lórí igun rẹ̀, ìlọ́po 1.414 ló wọlé: búlọ́ọ̀kù 12 fẹ̀ tó 17 láti igun dé igun, onígun mẹ́ta tó ń dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì ti inú onígun mẹ́rin 18¼ jáde. Ìyẹn ni 17 tí a fi 1¼ kún.

Ní ti aṣọ rírà, wọ́n máa ń fi ínṣì 40 ṣírò dípò 44, torí etí aṣọ máa lọ, aṣọ sì lè sún kì. Kúìlìtì tó jẹ́ ínṣì 60 níbùú, 80 lóròó, ní etí tó jẹ́ ínṣì 280 yíká. Tí a bá fi 10 kún un fún ojú ìsopọ̀, ọ̀já 8 tí ìbú wọn jẹ́ 2½ ló máa ká a láti fi di etí rẹ̀, ìyẹn ínṣì 20 aṣọ. Ohun kan tún kù tí rúlà ò lè sọ. Òwú pẹlẹbẹ inú kúìlìtì, tó bá jẹ́ ojúlówó òwú, lè sún kì ní ìdá 3 sí 5 nínú 100 nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, nítorí náà èyí tó jẹ́ ínṣì 80 lórí tábìlì lè di 76 lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ń rán an fún bẹ́ẹ̀dì kan pàtó á ti fi ínṣì mẹ́rin yẹn kún un kó tó dé ọ̀dọ̀ aláṣọ.