Bí ìkànìyàn ọdún 1901 ṣe dé orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1901, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sùn sílé ní England àti Wales sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn àti ibi tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 32. Ìjọba ti ìwé náà pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nígbà tí àkókò ń pé bọ̀, Public Record Office, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, ní London, sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn máa gbé e sí. QinetiQ, ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ṣùgbọ́n àwòrán ojú ìwé nìkan ò ran ẹni tó ń wá bàbá ńlá rẹ̀ lọ́wọ́. Àfi kí ẹnì kan ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, kó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ fi sídìí rẹ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ di ti Íńdíà àti Sri Lanka.

Ibí yìí ló wọ̀ mí lára jù. Ìwé ọwọ́ ẹni tó ti kú tipẹ́ ni àwọn atẹ̀wé yìí ń kà. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti tún wáyé, "do" ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé bíi ti òkè. Àwọn akọ̀wé tó ń ṣírò iye ènìyàn sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kọjá lórí ọjọ́ orí, tó fi jẹ́ pé 3 lè jọ 8. Orúkọ abúlé tí ẹsẹ̀ wọn ò tẹ̀ rí ni wọ́n ń fojú wá. Lọ́dún 1901 yẹn gan-an, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Íńdíà wà, àti Sri Lanka tí wọ́n ń pè ní Ceylon nígbà náà. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí ló wá ń bá Gẹ̀ẹ́sì wá ẹbí rẹ̀. Ó yẹ ká máa ka iṣẹ́ wọn mọ́ ìtàn yìí.

Ọjọ́ 2 oṣù Kíní ọdún 2002 ni wọ́n ṣí ìkànnì náà. Ènìyàn mílíọ̀nù 1.2 lóòjọ́ ni wọ́n ṣètò fún. Iye yẹn ló ń ya wọ ibẹ̀ ní wákàtí kan. Ó dákú, wọ́n tì í pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì di oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó ṣí i padà fún gbogbo ayé. Nígbà náà, ẹni tó bá tẹ orúkọ ìyá ńlá rẹ̀ síbẹ̀, ohun tí ọwọ́ àwọn ará Íńdíà àti Sri Lanka wọ̀nyẹn ti tẹ̀ ló sábà máa ń dá a lóhùn.