Inú Tí Kò Gba Mílíìkì

Bí aláìsàn bá wọlé tó ní òun ń ṣu gbuuru, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé ó ti tó ọjọ́ mélòó. Ti ọjọ́ méjì mẹ́ta, oúnjẹ tàbí omi tí kò mọ́ ló sábà máa ń fà á. Èyí tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 4 lára àgbàlagbà la kà sí bárakú. Ti ọmọdé yàtọ̀ o: bó bá ti pé ọjọ́ 14, ẹ gbé e wá.

Báwo ló ṣe wọ́pọ̀ tó? Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 2009 sí 2010, wọ́n fi àwòrán oríṣiríṣi ìgbẹ́ han àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n tọ́ka sí tiwọn. Nǹkan bí 6 tàbí 7 nínú 100 ló tọ́ka sí èyí tó rọ̀ bẹ̀tẹ̀ tàbí tó dà bí omi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn wọn Ìbàdàn, nítorí inú yàtọ̀ síra.

Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ìlera wa, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ṣúgà tó wà nínú mílíìkì. Ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran ni ara wọn ń lọ̀ ọ́. Àwa Yorùbá ńkọ́? Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ lè lọ̀ ọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ṣúgà náà á wá bọ́ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Inú á wú, á máa kùn, eré ilé ìgbẹ́ sì dé. Ṣíbí kan nínú tíì lè má ṣe nǹkan kan. Ife ńlá kan ni ìjàngbọ̀n. (Wàrà tí wọ́n ń dín tà kì í sábà dà wá láàmú, nítorí ọ̀pọ̀ ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ lọ.)

Nítorí náà, ẹ yé fi Flagyl lé e lóṣooṣù. Ẹ pa mílíìkì tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á rọlẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, bí ẹ bá ń rù, bí ibà bá ń mú yín, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń jí yín lóru, ẹ má dúró dán ohunkóhun wò, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ti HIV àti ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun náà kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, oògùn yẹn gan-an lè máa ṣe é. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà yín.