Ọ̀dà Dúdú Ló Ń Sọ Ike Di Irin

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi ike to àwòṣe ọkọ̀ gbà pé tí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ike méjì pọ̀ bá ṣì hàn díẹ̀, ọ̀dà á bá wọn bò ó. Irọ́ gbuu ni. Ọ̀dà kì í bo àṣírí, ńṣe ló ń tú u, àgàgà tó bá jẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ irin, tó sì jẹ́ pé àwòṣe ọkọ̀ òfurufú ńlá ni wọ́n fẹ́ fi kùn.

Ẹ wo F-100D Super Sabre, jẹ́ẹ̀tì ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1953 ni F-100 kọ́kọ́ fò, òun sì ni jẹ́ẹ̀tì ogun àkọ́kọ́ táwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà ní tó lè sáré ju ìró lọ láìjẹ́ pé ó forí sọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò kùn nígbà náà, irin ara wọn ló ń dán. Àwòṣe rẹ̀ tí wọ́n fi ìwọ̀n 1/32 ṣe, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn tó o lọ́nà méjìlélọ́gbọ̀n, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Ti gígé ike kúrò lára férémù tó so wọ́n pọ̀, títo yàrá awakọ̀, àti òjé tí wọ́n ń kì sí imú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má baà fìdí jókòó, ìwé ìtọ́ni inú páálí àwòṣe ti sọ ọ́. Ara ọkọ̀ ni ìwé náà máa ń fò kọjá.

Ìyẹ̀fun alumíníọ́mù tó kúnná gan-an, tí wọ́n pò mọ́ tínà, ló wà nínú ìgò ọ̀dà irin. Ó ṣàn bí omi. Atẹ́gùn tí agbára rẹ̀ kéré, nǹkan bíi 15 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn), ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu airbrush, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ́n ọ̀dà, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé bí ojú ibi tó bà lé bá ṣe rí lòun náà máa rí. Tí ìlà tí sáńdípépà fà bá wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yọ pátá.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ kun ọkọ̀ náà ní dúdú tó ń dán bíi dígí. Kí ló dé tó fi jẹ́ dúdú? Àlàfo wà láàárín hóró alumíníọ́mù kan sí èkejì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àlàfo yẹn wọlé, dúdú á gbé e mì, kìkì èyí tó bá bá irin pàdé ló máa padà síta. Ká ní funfun ló wà nísàlẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ á tún gba ibẹ̀ padà jáde, ọkọ̀ náà á wá dà bíi géètì tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn. Ẹni tó kọ́kọ́ ro ọgbọ́n yìí gbọ́n gan-an ni, àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í dárí jini. Kí wọ́n tó fẹ́ irin lé e, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí dúdú náà látẹ̀gbẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ṣẹ́, sáńdípépà tún yá.

Àwọn páànù ara jẹ́ẹ̀tì kì í dán bákan náà, torí náà wọ́n á fi téèpù bo àwọn kan, wọ́n á sì fẹ́ àwọ̀ tó ṣú díẹ̀ sí ìyókù. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ gan-an ni. Aláró á fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà láfún sára aṣọ, á sá a, á rì í bọ aró, á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á tún rì í, títí á fi dúdú kirikiri. Ìgbà tó bá họ láfún náà kúrò ni ọnà á tó fojú hàn, tí oníbàárà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọ̀rọ̀ àdìrẹ ti fẹ́ gbé wa lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé láfún kì í ṣí aṣọ, àmọ́ téèpù lè ṣí ọ̀dà tòun ti dúdú abẹ́ rẹ̀. Torí náà, wọ́n á kọ́kọ́ lẹ téèpù náà mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè dín kù.

Ìdí ọkọ̀ ló wá dùn jù, níbi tí iná ẹ́ńjìnnì ti yan irin. Alágbẹ̀dẹ tó ń dá irin padà síná lẹ́yìn tó ti rì í bomi mọ àwọ̀ wọ̀nyí: ní nǹkan bíi 220°C, irin á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi koríko gbígbẹ, ní 280, á di elése àlùkò, tó bá fi máa tó 300, á di búlúù. Kò sí aró kankan níbẹ̀ o. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú irin ló ń ṣe ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí epo mọ́tò bá dà sórí omi òjò. Torí náà, àwọ̀ tó ṣeé wò kọjá ni wọ́n ń lò lára àwòṣe: ti koríko á kọ́kọ́ gba ibi tó fẹ̀, elése àlùkò á tẹ̀ lé e, búlúù á wá há sí ibi tó sún mọ́ iná jù. Ẹni tó bá to ó sódì ti gbé iná síbi tí kò sí.

Àṣejù ló ń ba ibẹ̀ jẹ́. Àwọn kan á kùn ún títí á fi dà bí òṣùmàrè. Jẹ́ẹ̀tì tó ti fò fọ́dún mélòó kan, èéfín ti bo ìdí rẹ̀. Táwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe bá kun búlúù yẹn tán, wọ́n á tún fẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, débi pé ẹni tó ń wò ó ò ní rí i, àfi tó bá yí ọkọ̀ náà sí ìmọ́lẹ̀.