Abẹ́rẹ́ ọmọdé tó pa ìbọn lẹ́nu mọ́: ibi tí Ọjọ́ Ìfọ̀kànbalẹ̀ ti ṣẹ̀ wá

Lọ́jọ́ Àìkú, 3 oṣù Kejì ọdún 1985, ìbọn dákẹ́ ní El Salvador, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Láti 1980 ni ogun abẹ́lé ti ń jà níbẹ̀, ìjọba lápá kan, àwọn ọmọ ogun FMLN tó ń ṣọ̀tẹ̀ lápá kejì. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó túúbá. Torí kí àwọn ọmọdé lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ṣe sọ ìbọn kalẹ̀. Wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀ ní 3 oṣù Kẹta, àti ní 21 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni orúkọ tó mọ́ ọn lórí.

James Grant, ọ̀gá àgbà UNICEF nígbà náà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ààrẹ José Napoleón Duarte. Ó ní iye ọmọ tí èéyi, ikọ́ àhúbì àti àwọn àrùn míì tó ní àjẹsára ń pa lọ́dún ju iye èèyàn tí ogun ń pa lọ. Ti ìjọba ṣì rọrùn. Ta ni yóò bá àwọn tó wà nínú igbó sọ̀rọ̀? Ìjọ Kátólíìkì ló ṣe alárinà, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Arturo Rivera y Damas ló sì ṣáájú.

Kì í ṣe àwọn ọ̀gágun ló yan ọjọ́ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ ló yàn án. Àjẹsára alápapọ̀ tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ àhúbì àti dìfitéríà, àrùn tí í dí ọmọ lọ́fun, gbọ́dọ̀ wọ ara lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jìnnà síra, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu fún rọpárọsẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ láti 3 oṣù Kejì sí 3 oṣù Kẹta: 28 géérégé. Ìkẹta pẹ́ díẹ̀, ọjọ́ 49, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bà á jẹ́. Bí àárín bá gùn, ibi tí wọ́n dé ni wọn yóò ti máa bá a lọ. Kíkúrú ló léwu, torí ara kò tíì ráyè kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tó gba ẹyọ kan péré kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ àhúbì. Nítorí náà, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo kò tíì bẹ̀bẹ̀ tó.

Nǹkan bí 250,000 ọmọ ni wọ́n rí ṣe lọ́dún náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó sì jáde tó 20,000. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé ní Chapultepec, ní Mẹ́síkò, ní 16 oṣù Kìíní 1992.

Ìdákẹ́ ìbọn nìkan kò tó, òtútù gbọ́dọ̀ bá a rìn. Àárín dígírì 2 sí 8 ni àjẹsára ń gbé nínú kúlà. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìsà lè mú kí alápapọ̀ yẹn dì, bó bá sì ti dì pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́. Ṣe ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé yìnyín náà sílẹ̀ títí yóò fi máa làágùn, tí omi inú rẹ̀ á máa ró bí wọ́n bá mì ín. Ti èéyi ní tirẹ̀, bí wọ́n bá ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà. Láti 1996, àmì kékeré kan wà lára ìgò àjẹsára rọpárọsẹ̀: igun mẹ́rin funfun nínú òbìrí. Ooru ló ń sọ ọ́ di dúdú. Nígbà tí àwọ̀ méjèèjì bá bára mu, ẹ dà á nù. Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun dá dúró lójú ọ̀nà láti àárọ̀ lè dé pẹ̀lú ìgò tó kún, síbẹ̀ kó má sí àjẹsára nínú rẹ̀.

Lẹ́bánónì gba àṣà náà ní 1987. Ní gúúsù Súdàn, ní 1995, sòbìà ló fà á. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, bẹ àwọn tó ń jagun pé kí ìbọn dákẹ́ fún oṣù méjì, wọ́n fi kún un, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà. Sòbìà kò ní àjẹsára, kò sì ní oògùn, nítorí náà asẹ́ aláṣọ ni wọ́n ń pín káàkiri, ó lé ní 200,000, kí wọ́n máa fi sẹ́ omi mímu.

Ìfọkàntán ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró, kò sì nira láti bà á jẹ́. Ní 2011, CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, fi abẹ́rẹ́ hẹpatáítíìsì B, àrùn ẹ̀dọ̀, bojú ní Abbottabad, ní Pakísítánì, láti fi wá Osama bin Laden. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀gá Tálíbánì ní Waziristan fòfin de àjẹsára rọpárọsẹ̀. Ìgbà tó di 2014 ni Amẹ́ríkà tó ṣèlérí pé CIA kò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́. Àwọn ọmọdé ló fara gbá a.

Ní Gásà, oṣù Kẹjọ 2024, rọpárọsẹ̀ mú ọmọ oṣù mẹ́wàá kan, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọn kò ti rí i. Láti 1 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń dá ìjà dúró fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, ní àárín gbùngbùn, lẹ́yìn náà ní gúúsù, kó tó kan àríwá. Ní ìpele àkọ́kọ́, ọmọ tó lé ní 550,000 gba ẹ̀kán méjì méjì. Ìpele kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bọ́ǹbù kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àríwá. Nígbà tí wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ ní 2 oṣù Kọkànlá, ìlú Gásà nìkan ni ìdádúró ìjà náà kàn. Nǹkan bí 15,000 ọmọ ní Jabalia, Beit Lahiya àti Beit Hanoun ni wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.